Owó Láísẹ́ǹsì Tó Yẹ Kó Di Owó Ẹ̀kọ́ ní Ìbàràpá

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10. Bí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò tuntun lára rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ náà, àtúnṣe kò ní í máa wá fúnra rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ àfikún ọdún kan gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ fún un, ẹlòmíràn yóò sì san 30 dọ́là lé e. Windows 11 ni wọ́n ní kí gbogbo ayé kó lọ sí. Ṣùgbọ́n Windows 11 kì í gba gbogbo kọ̀ǹpútà. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 wà nínú kọ̀ǹpútà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò fọwọ́ sí àwọn ọpọlọ Intel tó ṣáájú ìran kẹjọ, àfi díẹ̀ nínú wọn. HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7450, ThinkPad T450: ẹni tó bá ti wá laptop tòkunbọ̀ lọ sọ́jà rí yóò mọ orúkọ wọn. Irú wọn ló ń ti Computer Village n'Íkẹjà dé Ìbàdàn, tó ń ti Ìbàdàn dé Èrúwà àti Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí tíṣà, akọ̀wé káńsù àti oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà fi ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ wọn. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí Windows 11 fọwọ́ sí. Àìsàn kankan kò ṣe wọ́n. Ìpinnu tí àwọn kan ṣe ní Redmond, l'Amẹ́ríkà, ló sọ wọ́n di ògbólógbòó.

Àwọn ọ́fíìsì kan yóò tìtorí èyí yáwó ra tuntun. Àwọn kan yóò dákẹ́, wọ́n á máa lo Windows 10 lọ títí nǹkan yóò fi bàjẹ́. Àwọn tó kù yóò ní kí ẹni tó ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ki ayédèrú bọ̀ ọ́. Mo gbà pé ọ̀nà kan wà tó sàn ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ, àti pé ilẹ̀ Ìbàràpá ní ohun tó lè fi tọ̀ ọ́: kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé ìwé àti ọ́fíìsì wa fi Linux, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ Windows láìgba owó láísẹ́ǹsì, sórí àwọn laptop tí Windows 11 kọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì ná owó tí ì bá lọ sí láísẹ́ǹsì lórí àwọn ọmọ tí yóò máa tọ́jú wọn. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, èyí ẹ̀yìn ló ṣe pàtàkì jù. Ibi tí wọ́n bá ti gbé Linux wá láìsí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń kó o jù sílẹ̀.

Linux kì í ṣe ohun àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà, ti kéde ní ọdún 1983 pé òun fẹ́ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni yóò lè lò, tí yóò lè yẹ inú rẹ̀ wò, tí yóò sì lè tún un ṣe kó fún ẹlòmíràn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde ọkàn ètò náà tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pè ní Linux. Láti ìgbà náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé ló ti fọwọ́ kún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Windows yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìṣákọ́lẹ̀: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè dáko, ó lè kórè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò di tirẹ̀, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá sì yí ohùn padà, àfi kó gbé ọkọ́ rẹ̀. Ohun tí láísẹ́ǹsì Windows jẹ́ nìyẹn. Ní ti Linux, kò sí onílẹ̀ tó lè lé ọ. Ó sì ti wà lọ́wọ́ wa tipẹ́. Lórí Linux ni wọ́n kọ́ Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ ará Ìbàràpá lé, òun náà ló sì wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń sanwó lẹ́bàá ọ̀nà. Ètò DHIS2, tí iye ọmọ tí wọ́n bí àti iye abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé fún àwọn ọmọ ń gbà dé Àbújá, Yunifásítì Oslo ní ilẹ̀ Norway ló ṣe é, gbangba sì ni wọ́n gbé ìwé ìṣiṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sí bíi ti Linux. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tó lágbára jù láyé ló ń lo Linux. Ẹni tó bá ní ètò yìí kò ì tóó fi ṣiṣẹ́ lẹ́tà kíkọ ní káńsù, ó ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò owó. Iye tí Microsoft ń ta Windows 11 Home l'Amẹ́ríkà jẹ́ 139 dọ́là. Office Home 2024 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 150 dọ́là. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, àpapọ̀ wọn lé ní 430,000 náírà fún kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ń san fún òṣìṣẹ́ jẹ́ 80,000 náírà. Òṣìṣẹ́ náà yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù márùn-ún lọ, kò sì ní í jẹ, kò ní í mu, kó tó lè ra ojúlówó méjèèjì. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ló máa ń bá láísẹ́ǹsì Windows tirẹ̀ wá láti ìlú òyìnbó, mi ò sì fẹ́ fi èyí pamọ́. Ṣùgbọ́n Office kì í bá a wá, láísẹ́ǹsì náà kò sì lè fi tipátipá gbé Windows 11 wọ inú kọ̀ǹpútà tí kò gbà á. Ọ́fíìsì tó ní laptop mẹ́wàá tó fẹ́ tẹ̀lé òfin yóò ná mílíọ̀nù mẹ́rin náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì fò kọjá òkun láìṣe ọmọ Ìbàràpá kankan láǹfààní.

Ìdí nìyí tí ayédèrú fi gbòde. Ẹgbẹ́ BSA, tó jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta irú ètò wọ̀nyí, ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ pé nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà ni kò ní láísẹ́ǹsì. Wọ́n ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń ka irú iye bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ àdúgbò wa tí yóò yà lẹ́nu. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í fara balẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kírákì tí wọ́n fi ń ṣí Windows tàbí Office máa ń ní kí o kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ tó ń lé fáírọ́ọ̀sì, kí o sì fún òun láṣẹ tó ga jù lórí kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tí o kò mọ̀, tí kò kọ orúkọ rẹ̀ síbi kankan, ni o ṣílẹ̀kùn fún yẹn, lórí kọ̀ǹpútà tí ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́, nọ́ńbà àkáǹtì wọn àti BVN wọn wà. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 sọ ọ́ di ojúṣe gbogbo ọ́fíìsì tó bá gba irú nǹkan báyìí lọ́wọ́ ènìyàn láti dáàbò bò ó. Mo gbà pé káńsù tàbí ilé ìwé tó bá ń lo kírákì kò lè jẹ́ ojúṣe náà, bó ti wù kí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nípọn tó.

Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe kedere tó báyìí, kí ló dé tí Linux kò ì kún ọ́fíìsì wa? Ìtàn ọdún 2007 fún wa ní apá kan ìdáhùn. Ní ọdún náà, ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé, tó ń ṣe Linux, gba iṣẹ́ láti fi ètò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà Classmate ti Intel tí iye rẹ̀ tó 17,000, fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní Nàìjíríà. Nígbà tí àdéhùn parí, tí kọ̀ǹpútà ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n ní àwọn yóò sanwó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows ni àwọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ní òpin oṣù Kẹwàá, ó bi í pé kí ló ṣe tí ìpinnu fi yí padà. Àwọn oníròyìn wá gbé e jáde pé ọ̀rọ̀ 400,000 dọ́là fún ètò ìpolówó ti wà nílẹ̀ láàárín Microsoft àti ilé iṣẹ́ tó ń kó kọ̀ǹpútà náà wọlé. Microsoft ní àwọn kò ṣe ohun tó lòdì sófin. Àjọ ìjọba USPF, tó ń sanwó fún 11,000 nínú wọn, sì padà sọ pé Mandriva náà ni yóò wà lórí tàwọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo awuyewuye yìí, kò sí ibi tí wọ́n ti ní Linux kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé e wá ṣe. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún kò tilẹ̀ ráyè bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí àwọn àgbààgbà tó máa jà lé e lórí.

Ẹni tó bá fẹ́ ta kò mí yóò tọ́ka sí Munich ní ilẹ̀ Jámánì, ó sì yẹ kí n dá a lóhùn dáadáa, nítorí òun ni àpẹẹrẹ tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú náà pinnu ní ọdún 2003 láti kúrò lórí Windows. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2013, nǹkan bí 15,000 kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ti wà lórí Linux wọn tí wọ́n ń pè ní LiMux, ìlú náà sì ṣírò pé àwọn ti fi pa ohun tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá yúrò mọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2017, wọ́n dìbò láti padà sórí Windows. Ìtàn náà kò parí síbẹ̀. Olórí ìlú ti yí padà ní ọdún 2014. Ẹni tó jẹ kò fẹ́ràn LiMux láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2016, Microsoft kó olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ fún Jámánì wá sínú ìlú náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹ̀sùn tòótọ́ tí wọ́n ń kà, èmi kò ní í sọ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ti bí wọ́n ṣe fọ́n àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe ti Linux fúnra rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní Jámánì kan náà rí gbogbo ìyẹn, ó sì tún kéde ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 pé òun yóò kó 30,000 kọ̀ǹpútà kúrò lọ́dọ̀ Microsoft. Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ti ilẹ̀ Faransé ni mo fẹ́ kí Ìbàràpá wò jù. Wọn kò fipá gba Windows lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kan. Ní ọdún 2005, OpenOffice ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ́pò Office, lórí Windows tí gbogbo wọn ti mọ̀. Ní ọdún 2006, Firefox tí wọ́n fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló kàn. Ìgbà tó di 2008, tí àwọn òṣìṣẹ́ ti mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, ni wọ́n tó yọ Windows kúrò lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi Ubuntu, oríṣi Linux kan, sí i. Kọ̀ǹpútà tó lé ní 70,000 ni wọ́n fi ọ̀nà ẹ̀sọ̀ yìí kó kọjá, wọn kò sì padà sẹ́yìn.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí Linux kò tíì lè ṣe fún wa. Ẹni tó ń fi CorelDRAW ya pátákó ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí Windows nítorí ohun tí mò ń wí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ̀ka ènìyàn fún ìforúkọsílẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn kò gbọ́ èdè mìíràn ju ti Windows lọ. Akápò tó ti fi ọdún gbọọrọ kó oríṣiríṣi ọgbọ́n aládàáṣe sínú Excel yóò rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ nínú LibreOffice, àrọ́pò Office tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ máa lo tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó pọ̀ jù ní káńsù àti ilé ìwé ni lẹ́tà, tábìlì, ìwé ìdánwò àti ohun tí wọ́n ń kọ sínú fọ́ọ̀mù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tí Firefox àti LibreOffice kò lè ṣe. Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé ìwé tí wọ́n kọ nínú Word máa ń dàrú bí wọ́n bá ṣí i níbòmíràn. Ìdí kan tó sábà máa ń fà á kò ju pé lẹ́tà Calibri àti Cambria jẹ́ ti Microsoft, bí wọn kò bá sì sí lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mìíràn tó fẹ̀ tàbí tó tín-ín-rín jù á gba ipò wọn, ìlà á sún, tábìlì á fò sí ojú ewé kejì. Àwọn kan ti ṣe Carlito àti Caladea ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́, ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti wà lórí Linux náà, ọ̀pọ̀ lẹ́tà káńsù yóò dúró síbi tí akọ̀wé gbé e sí. Irú ìmọ̀ kékeré báyìí ló ń mú kí òṣìṣẹ́ fẹ́ràn Linux tàbí kó kórìíra rẹ̀, ẹni tó gbé nítòsí nìkan ló sì lè wá ṣe é ní ọjọ́ tí wọ́n pè é.

Wọ́n tún máa ń sọ pé bí ìwé ìṣiṣẹ́ Linux bá wà ní gbangba, olè náà yóò kà á. Ó ń kà á lóòótọ́. Ní ọdún 2024 àṣírí tú pé ẹnì kan tó ń lo orúkọ Jia Tan ti fi bí ọdún méjì ṣe bí ọmọlúwàbí láàárín àwọn tó ń tọ́jú irinṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ XZ tí Linux ń lò, títí ó fi rí àyè yọ́ ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ sínú rẹ̀. Andres Freund, ẹnì kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló rí i. Ó kíyè sí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà kan ti fi bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ó wádìí rẹ̀ dé ìdí, ó sì kéde rẹ̀ ní oṣù Kẹta kí ó tó dé inú àwọn Linux tí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń lò. Microsoft ni Freund ń bá ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwé ìṣiṣẹ́ XZ wà níbi tí òun náà ti lè kà á. Bí irú rẹ̀ bá wà nínú ètò tí wọ́n tì pa, àwọn tó ní kọ́kọ́rọ́ nìkan ni yóò lè wá a.

Èyí ló gbé wa dé ìbéèrè tó wúwo jù: ta ni yóò tún un ṣe bó bá bàjẹ́ ní Igangan tàbí Tápà? Ibí gan-an ni ọ̀ràn Ìbàràpá ti yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ìgbèríko. Ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Adéṣeun Ògúndoyin wà ní Èrúwà, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ wà ní Igbó-Ọrà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn olùkọ́ wà ní Lánlátẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbogboniṣe gbọ́dọ̀ ṣe SIWES, ètò ìmọ̀ṣẹ́ tó ti wà láti ọdún 1973, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń sáré wá ààyè lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, nígbà tí ọ́fíìsì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wọn ń wá ẹni tí yóò bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ìbàràpá ti gba irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ lálejò rí. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà wá sí Igbó-Ọrà, kí wọ́n máa gbé láàárín ìlú, kí wọ́n máa tọ́jú ènìyàn níbi tí àìsàn wà gan-an. Àwọn náà jèrè ìmọ̀, ìlú jèrè ìtọ́jú. Kí ló dé tí káńsù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè bá ilé ẹ̀kọ́ Èrúwà àti Igbó-Ọrà ṣe irú àdéhùn kan náà lórí kọ̀ǹpútà? Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní olú ilé káńsù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ tó nítumọ̀, láti inú owó tí ì bá lọ sí láísẹ́ǹsì. Iye tí wọ́n ń béèrè lórí laptop mẹ́wàá yóò sanwó wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, ọmọ náà yóò sì jáde pẹ̀lú iṣẹ́ tó lè fi jẹun níbikíbi láyé, nítorí Linux ló wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ̀ǹpútà tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì ró.

Ọ̀rọ̀ owó dátà náà tún wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí àjọ NCC ti fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ní oṣù Kìíní ọdún 2025 láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn, gbogbo wa la mọ ohun tí ó ń ṣe sí àpò. Linux Mint, ọ̀kan nínú àwọn oríṣi Linux, kì í fa àtúnṣe sílẹ̀ láìjẹ́ pé oníkọ̀ǹpútà tẹ bọ́tìnnì pé kó ṣe é. Fáìlì tí wọ́n fi ń gbé e sórí kọ̀ǹpútà tó bíi gígábáìtì mẹ́ta, LibreOffice àti Firefox ti wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní láti fà á. Fláàṣì kan lè gbé e ká gbogbo ìlú méjèèje Ìbàràpá láìrú òfin kankan. Fláàṣì yìí kan náà ni wọ́n fi ń dán an wò. Kí wọ́n kì í bọ kọ̀ǹpútà tó wà ní pípa, kí wọ́n tan án, kí wọ́n máa tẹ F9 bó bá jẹ́ HP, tàbí F12 bó bá jẹ́ Dell tàbí ThinkPad, kí wọ́n mú fláàṣì nínú ohun tó bá jáde. Linux yóò ṣí látorí fláàṣì náà, kò ní í fọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n wò ó bóyá wáífáì ń mú, kí wọ́n tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ọ́fíìsì, kí wọ́n lọ síbi kíbọ́ọ̀dù kí wọ́n mú Yorùbá, tó wà níbẹ̀ láìfa nǹkan kan sílẹ̀, kí wọ́n fi kọ orúkọ Àyétẹ̀ àti Ìdèrè pẹ̀lú àmì wọn pé. Bí nǹkan kan kò bá ṣiṣẹ́, kí wọ́n fa fláàṣì yọ, Windows wọn wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún kò tó yíyí gbogbo ọ́fíìsì padà lọ́dún kan. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí àwọn ọlọ́pàá Faransé ṣe bẹ̀rẹ̀: LibreOffice lórí Windows tó wà nílẹ̀ lọ́dún yìí, kí Linux wọ àwọn laptop tí Windows 11 kọ̀ nígbà tí ọwọ́ òṣìṣẹ́ bá ti mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun, kí ìwé tí wọ́n fi ń pe àwọn olùtajà má ṣe dárúkọ Windows tàbí Office. Kí ó kọ iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà ń lọ ṣe, kí ó ní kí olùtajà sọ iye tí láísẹ́ǹsì yóò jẹ fún ọdún márùn-ún lọ́tọ̀, àti iye tí ìtọ́jú yóò jẹ lọ́tọ̀, kí gbogbo ìgbìmọ̀ káńsù sì rí iye méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé.